Ẹ̀rọ Ìlọta Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí Okokomaiko kò tíì kún tó báyìí, ẹ̀rọ ìlọta ni àwọn òbí mi fi ń bọ́ wa. Mo ní àwọn òbí mi o! Bí bàbá mi bá lọ ra dísù tí ẹ̀rọ ń mu, ìyá mi ló ń fi irin yí ẹ̀rọ títí yóò fi dún, òun ló ń lọ ata àti ẹ̀wà fún gbogbo àdúgbò. Nínú owó ata yẹn ni wọ́n ti rán mi dé kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú bàbá mi lọ, irun wọn kò tíì funfun. Ìyá mi ń ṣe opó, wọn kò gbọdọ̀ jáde fún ogójì ọjọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mo ń lọ yí ẹ̀rọ. Apá ń ro mí, ata ń ta mí lójú, ṣùgbọ́n a ń jẹun, mo sì ń kàwé.

Ọjọ́ tí ogójì pé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó ẹbí dé láti Ìjanikin. Wọ́n pín agbádá, wọ́n pín bàtà. Ló bá kan ẹ̀rọ. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Òun ni mo fi ń rán àwọn ọmọ yín níléèwé."

"Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Nǹkan àbúrò wa la wá kó."

Ẹ gbọ́ ìkà! Ikú mú bàbá mi, ẹbí wá mú iṣẹ́ wa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, igbá ẹ̀kọ ló gorí mi, ilé ìwé sì parí. Wọn kò tilẹ̀ lo ẹ̀rọ ọ̀hún. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún kejì, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i, òjò ti pa á, ó ti dípẹtà, ewúrẹ́ ń sùn tì í. Inú ṣì ń bí mi dòní, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó rọ̀.

Wọ́n ní ayé ti yí. Òótọ́ ni, fásitì wà níbi tí wọ́n ti ń dá oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Ìbà. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, ọkọ aládùúgbò mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wá gbé fíríìsà tí ìyàwó fi ń ta ẹja. Mo gbọ́ ẹkún ọmọbìnrin wọn, ọmọ kíláàsì kejì bíi tèmi. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo wọlé, mo gun fíríìsà náà, mo jókòó lé e.

"Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀ jọ̀ọ́."

Mo ní kí wọ́n gbé èmi náà mọ́ ọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n bínú lọ. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ náà fi wọ yúnífọ́ọ̀mù kọjá.