Píìnì Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Lára Ògiri

Ìyá Onípíìnì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú píìnì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kúrò lára àwòrán ìlú tó wà lára ògiri lọ́jọ́ Ajé yìí. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń gún píìnì ní ọ́fíìsì ìlera. Bí ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni bá mú ẹnìkan, ilé ìwòsàn á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, òun á sì gún píìnì olórí pupa mọ́ ibi tí ilé onítọ̀hún wà. Ibi tí orí pupa bá ti pọ̀ jù ni ọkọ̀ tó ń fín oògùn ń lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, oògùn inú rẹ̀ kò sì lè ju àdúgbò kan lọ. Píìnì ṣù jọ lẹ́bàá odò bí èèrà tó rí ṣúgà. Ọ̀gá ọ́fíìsì ti fọwọ́ sí ìwé pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń lọ.

Píìnì kan dá dúró lórí òkè. Àbúrò Ìyá Onípíìnì, káfíńtà, ló ni ín. Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò ó nílé. Gbogbo oríkèé ara ń ro ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ibà kò mú ẹnu rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ ti gún èmi náà ní píìnì.”

“Orí rẹ tó le yẹn ni mo gún un mọ́. Níbo ni ẹ̀fọn ti rí ẹ lórí òkè gbígbẹ yìí?”

“Ta ló sọ pé ilé ni wọ́n ti ń jẹ mí? Ìsọ̀ ni, lọ́sàn-án gangan. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ abilà yẹn kì í bọ̀wọ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́.”

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Onípíìnì ti mọ̀ pé ọ̀sán ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà yìí kiri máa ń jẹun. Síbẹ̀, ibi tí èèyàn ń sùn ló ń gún ní píìnì, bó ti ń ṣe fún ibà ti ẹ̀fọn òru. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Ó gba ìsọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ògiri ibẹ̀, wọ́n to àlòkù táyà jọ, ó ga ju èèyàn lọ. Ó mi ọ̀kan. Omi òjò wà nínú rẹ̀, tanwíjí sì ń ta kìjikìji nínú omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pe àwọn aláìsàn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?” Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ń ṣiṣẹ́ yí àgbàlá táyà yẹn ká. Ẹ̀bá odò ni ọ̀pọ̀ wọn ti háyà yàrá torí pé ó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Bó ṣe tú gbogbo píìnì nìyẹn, tó tún wọn gún mọ́ ibi tí oníkálukú ti ń lo ọ̀sán.

Ọ̀gá, tí àkọ́bí Ìyá Onípíìnì jù lọ́jọ́ orí, wo ògiri títí.

“Màámi, mo ti fọwọ́ sí i! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìgbìmọ̀ ìlera?”

“Ẹ sọ pé èmi ni mo ṣì í. Bí ọkọ̀ bá lọ sẹ́bàá odò, à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá ni. Ká tó pa dà dé, ogún èèyàn mìíràn á ti dùbúlẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ máa kọ lẹ́tà àlàyé sí wọn o.”

“Mo ti kọ ọ́. Ibi tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí ló kù.”

Ọ̀gá mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó fa báírò yọ.

Àwọn olóhun táyà ti gbà láti da omi inú wọn nù lọ́la. Ní Ọjọ́bọ̀, láago méje àárọ̀, ọkọ̀ yóò dé àgbàlá náà láti fín oògùn, Ìyá Onípíìnì ni yóò sì jókòó síwájú láti júwe ọ̀nà.