Ṣíbí Kejì

Ṣáájú òmìnira ni tíṣà dá àbúrò mi obìnrin padà sílé wa ní Bariga, nítorí pé ó máa ń gé àwọn ọmọ jẹ. Dókítà fún un ní oògùn olómi tí yóò máa mú un rọlẹ̀, ṣíbí kan láràárọ̀. Èmi ni mo ń fún un tí Màmá bá lọ ra ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà nítòsí wa.

Lọ́jọ́ kan tí ariwo rẹ̀ sú mi, mo fún un ní ṣíbí méjì. Nígbà tí Màmá dé, a jí i títí, kò jí. Mo sunkún, mo jẹ́wọ́. Wọn ò lù mí. Wọ́n ní, "Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Ó jí lọ́jọ́ kejì. Màmá da oògùn náà nù. Ọdún méjì kọjá kí tíṣà tó gbà á padà.