Ẹ Bi Í Bó Ṣe Ń Kírun

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́, kò kàn mí. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀sán gangan ni, oorun ò sì kùn mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan ní Ìwó nígbà náà, láyé ìjọba ológun. Wọ́n gbé bàbá arúgbó kan wá láti Ilé-Ogbó, alùfáà tó ti fi gbogbo ayé kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Bàbá ṣubú nílé. Dókítà bi wọ́n léèrè, wọ́n ní kò síbi tó ń dun àwọn, ni dókítà bá gbà pé eegun kankan ò kán.

Ẹ ṣáà mọ àwọn àgbà wa. Tí mo bá ní, "Bàbá, ṣé ara le?" wọ́n á ní, "Alihamudulilai, a dúpẹ́." Ta ni wọ́n ń kí tó ń ní rárá? Ṣùgbọ́n bàbá ò jẹun, wọn ò sùn, òógùn sì ń bò wọ́n nínú ọyẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ dá wọn padà sílé. Tí nǹkan bá kán lára wọn lóòótọ́, kòtò ojú ọ̀nà Ilé-Ogbó yẹn á pa wọ́n.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo wọ yàrá wọn. Ràbíà, ọmọ wọn obìnrin, wà lórí àga lápá ọ̀tún. Ìyá àgbà kan tí mi ò rí rí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lápá òsì, ó da ìborùn funfun borí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ìbàdí bàbá, bàbá sì fi eyín di ètè mú.

Ìyá náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Má bi í bóyá ó ń dùn ún. Bi í bó ṣe ń kírun."

Mo tẹnu mọ́ etí bàbá. "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń kírun látìgbà tí ẹ ti ṣubú?"

Alùfáà ò lè purọ́ lórí ìrun. Omi bọ́ lójú wọn.

"Ọmọ mi, mi ò lè forí kanlẹ̀ mọ́. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ òsì yìí, àfi bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ là mí."

Bí mo ṣe ń sáré lọ pe dókítà, ìyá náà dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó yí síta, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀.

"Èmi náà dúpẹ́," ló wí. "Orí bẹ́ẹ̀dì yìí ni mo ti dúpẹ́ títí mo fi kú."

Wọ́n ya fọ́tò eegun bàbá. Itan ti kán lókè, níbi ìbàdí. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, bàbá sì sùn. Wọn ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ̀rora lọ.

Mo bi Ràbíà nípa ìyá yẹn. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Ìyá wo? Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ṣáà rí i tí ẹ kúnlẹ̀ tí ẹ ń kí ògiri."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìbàdí tèmi náà ti ń dùn mí. Àwọn ọmọ mi á pè, "Màmá, ṣé ara le?" Èmi náà á ní a dúpẹ́. Lọ́sàn-án àná, mo dùbúlẹ̀, etí bẹ́ẹ̀dì mi sì tẹ̀ wọlé bí ìgbà téèyàn jókòó sí i. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọn kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dìde. Tí ẹ̀yin ò bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀.