Ọwọ́ Tí Ọlábísí Nà Sókè

Nígbà tí Tóyìn kọ́kọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá wo sinimá ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú Ìṣẹ́, inú ìyá náà kò dùn rárá. Ọlábísí Akínyẹlé ni orúkọ rẹ̀, opó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sì fi rán Tóyìn lọ sí yunifásítì. Tóyìn wá di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ohun tó ń kọ́ wọn ni ìwà tí èèyàn máa ń hù tó bá ti wà láàárín ẹgbẹ́. Nítorí pé sólà wà nílé ìyá rẹ̀, tí iná kì í sì í ṣẹ́jú níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó wọn wá lọ́sàn-án Sátidé.

"Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó kọ́ ọmọ níwèé, sinimá ló ń wò?" Màmá bi í ní kíṣìnnì.

"Màmá, ìwé náà ni. Ohun tí mo fi wákàtí méjì ṣàlàyé tí kò yé wọn, bí wọ́n bá fojú rí i, kíá ló ń wọlé."

"Hùn-ún. Kí wọ́n má wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ulé mi o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí Màmá fi di ẹni tó ń jókòó sí àga iwájú. Lọ́jọ́ kan, sinimá tí wọ́n ń wò ni ti ọkùnrin kan tó dákú ní gáréèjì. Èrò pé lé e lórí bí eéṣú, oníkálukú ń retí pé ẹlòmíràn á gbé e. Ara Màmá kò gbà á. Ó fò dìde, ó na ìka sí tẹlifíṣàn: "Ìwọ aláṣọ búlúù! Ìwọ ni mò ń bá wí! Gbé e!"

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tóyìn dá sinimá náà dúró. "Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ? Bí ẹ bá ní kí gbogbo èèyàn ṣèrànwọ́, kò sẹ́ni tó máa mira. Ẹnì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ na ìka sí." Gbogbo wọn tẹrí ba, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Orí Màmá wú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń din dùndún sílẹ̀ dè wọ́n.

Sinimá ọ̀sẹ̀ kẹrin ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Àgbà mẹ́sàn-án ló ń dájọ́ ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ní ó jí ewúrẹ́ gbé. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀dọ́ náà ló jí i, ẹnì kejì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ẹni ìkẹsàn-án. Onítọ̀hún ti fojú ara rẹ̀ rí ewúrẹ́ náà lọ́gbà ẹlòmíràn. Ó la ẹnu, ó wo ojú àwọn tó kù, ó ní, "Òun ló jí i."

Màmá dìde, ó wọ yàrá lọ. Ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìkẹ́olúwa láti pálọ̀: "Mà, ọkùnrin yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á."

Màmá yọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀rù ló bà á lóòótọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló bá a ru ẹrù rẹ̀."

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ tán, ó sọ ohun tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ títí tó fi kú. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí ìkòkò ńlá tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn fi ń se oúnjẹ ti sọnù. Ọwọ́ Ọmọ́rìnsọ́lá, ọmọ ìlú Iro tí wọ́n fẹ́ sí Ìṣẹ́, ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà, ni wọ́n bá ní ó ti tà á. Ààrẹ ẹgbẹ́ ní kí ẹni tó bá gbà pé kó kúrò nínú ẹgbẹ́ na ọwọ́ sókè. Ọlábísí mọ ibi tí ìkòkò lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun ni nígbà náà. Òun náà na ọwọ́. Kò pẹ́ tí Ọmọ́rìnsọ́lá fi fi ìjọ sílẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì kú, ó padà sí Iro.

 Ohun tí Tóyìn sọ kò ju pé, "Iro kò jìnnà, Màmá. Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, màá wà yín lọ."

Wọ́n bá Ọmọ́rìnsọ́lá níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó tẹjú mọ́ àlejò rẹ̀. "Ṣé ìyàwó Akínyẹlé kọ́ nìyí?"

"Èmi ni, mà." Màmá kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ró gbàù. "Mo rí ukòkò yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sínú mọ́tò àbúrò ààrẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Mo sì na ọwọ́."

Ọmọ́rìnsọ́lá kò dá ẹ̀gúsí bíbó dúró. "Mo mọ̀. Ọwọ́ tìẹ ló gbẹ̀yìn. Ìwọ ni mò ń wò lọ́jọ́ náà, torí ìwọ nìkan lo sorí kọ́. Mo ní, ìyàwó yìí á sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọwọ́ tìẹ náà lọ sókè ni mo gbé báàgì mi."

Omi lé ròrò lójú Màmá. "Ẹ ti ní láti bínú sí mi gan-an."

"Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣépè fún ọ. Nígbà tó yá, mi ò rántí orúkọ rẹ mọ́. Dìde jàre, orúnkún rẹ ò dára." Nígbà tí Màmá jókòó, ó ní: "Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ojú èmi nìkan kọ́ lo ti dá mi lẹ́bi, ìyàwó. Ojú ẹgbẹ́ ni."

Ni Màmá bá dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ààrẹ àtijọ́ ti di olóògbé, àwọn ọmọdé inú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìkòkò kan sọnù rí. Ìyá àgbà kan ní, "Ìyá Tóyìn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ jẹ́ kó sùn." Màmá kò jókòó. Ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀.  Ìgbà náà ni ìyá mìíràn, tó ń tòògbé tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, fọhùn: "Èmi náà mọ̀. Èmi ni mo bá wọn gbé e sínú mọ́tò." Ẹnì kẹta tún sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó túká, wọ́n ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Ọmọ́rìnsọ́lá, gbogbo àwọn àgbà sì fọwọ́ sí i.

Ọmọ́rìnsọ́lá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sínú Bíbélì. Kò padà sí ìjọ Ìṣẹ́. Ó ní òun ti ní ìjọ tòun. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń pe Màmá lórí fóònù. Wọ́n á sọ ti òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀, wọ́n á jiyàn lórí òróró tó dára jù fún oríkèé ríro, Ọmọ́rìnsọ́lá á ní àdí, Màmá á ní rárá. Bí Tóyìn bá wọlé bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ojú ni ìyá rẹ̀ fi máa ń ní kó jáde.