Bí Ìyá Hàjàrá Ṣe Ná Ọmú Ara Wọn

Títí dòní, bí obìnrin kan bá ń ná ọjà ní ìnákúnàá ní Lálúpọn, wọn á ní, "Ó ti di Ìyá Hàjàrá, ẹni tó ná ọmú ara rẹ̀!" Kì í ṣe àsọdùn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni. Ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn rán Nọ́ọ̀sì Olúrẹ̀mí, ọmọ tíṣà Onítẹ̀bọmi, káàkiri àwọn ìlú oko, kó máa yẹ ọmú àwọn obìnrin wò bóyá kókó jẹjẹrẹ ti ń sọ níbẹ̀. Wọ́n tún ní kó kíyè sí i, ìlú wo ni wọ́n ti ń jáde, ìlú wo ni wọ́n ti ń sá. Ní Lálúpọn, ẹyọ obìnrin kan ló yọjú: Mùjíbátù, ìyá Hàjàrá, oníṣòwò gàrí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bùbá yín."

Ìyá Hàjàrá yọ apá kan. "Wo ọ̀kan."

"Méjèèjì ni, Màmá."

"Ọ̀kan tó ọ. Ṣebí ìbejì ni wọ́n? Ohun tó bá ṣe Táyé, Kẹ́hìndé á gbọ́."

"Màmá, kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, ọ̀kan àbọ̀. Ibi tí mo lè dé nìyẹn."

Olúrẹ̀mí gbé ẹ̀rín mì. "Màmá, tí ẹ bá ń ra gàrí lọ́wọ́ àwọn ará oko, ṣé orí àpò nìkan lẹ máa ń wò?"

"Kí n lè ru eruku wálé? Ọwọ́ mi máa ń dé ìdí àpò ni!"

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tèmi náà dé ìdí àpò."

Ìyá Hàjàrá wò ó títí. "Ta ló kọ́ ìwọ yìí lọ́jà?" Wọ́n yọ apá kejì. Ibẹ̀ ni kókó náà wà.

Wọ́n gbé wọn lọ sí Ìbàdàn kó tó ràn. Ìyá Hàjàrá bẹ dókítà pé kó yọ kókó nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀ fáwọn. Dókítà ní odidi ọmú ni yóò lọ. Ìyẹn nìkan ni ọjà tí Ìyá Hàjàrá ná láyé wọn tí wọn ò rí ẹ̀dín níbẹ̀.

Nígbà tí ara wọn le, Olúrẹ̀mí wá kí wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé, "Àwọn ará ìlú Ìrókò ńkọ́? Wọ́n jáde fún àyẹ̀wò?"

"Wọ́n kún bámúbámú, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ́n ju abẹ lọ. "Ìrókò? Ìrókò tí àwa ń ta gàrí fún?" Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún ń lọ síbẹ̀, wọ́n bá a wọ ọkọ̀. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi padà dé. "Akéde wọn ló purọ́ pé nọ́ọ̀sì ń pín iyọ̀! Iyọ̀ ni wọ́n bá wá!"

"Wọ́n ṣáà wá, Màmá," ni Olúrẹ̀mí wí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yóò fi padà sí Lálúpọn, iyọ̀ tí wọn ó fún obìnrin tó bá jáde ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibi àyẹ̀wò. Obìnrin tí kì í fi èènì kún gàrí oníbàárà ló rà á.

Lọ́jọ́ kan Ìyá Hàjàrá bi Olúrẹ̀mí, tó kọ́ṣẹ́ ní Ìlú Òyìnbó, bóyá gbogbo obìnrin ló ń jáde lọ́hùn-ún.

"Rárá o. Ìlú kan á jáde, òmíràn á ní àwọn gbé ìkòkò kaná."

"Àwọn náà ń fi ìkòkò purọ́?" Inú wọn dùn kọjá àlà. Láti ìgbà náà, obìnrin tí wọ́n bá pè sí àyẹ̀wò tó bá ní òun ń se ọbẹ̀, Ìyá Hàjàrá á pariwo pé, "Ẹ wá wo Òyìnbó o!"

Hàjàrá ọmọ wọn nìkan ni wọn ò rí mú wá fún àyẹ̀wò. Bí ìyá bá gba iwájú ilé wọlé, ọmọ á gba ẹ̀yìn já sí oko ẹ̀gẹ́, ìyá á sì gbá tẹ̀ lé e, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ìyá ń ṣépè tí kò dénú. Àwọn aládùúgbò a máa gbé àpótí jáde wá wòran.

Ibà ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló mú Ìyá Hàjàrá lọ nígbà ogun abẹ́lé; jẹjẹrẹ kò padà wá. Nígbà tí Olúrẹ̀mí tún máa dé Lálúpọn, kò mọ̀ bóyá ẹnì kan á tún jáde. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró.

Hàjàrá ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó jókòó.

"Kí ló gbé yín wá lónìí?" ni Olúrẹ̀mí béèrè.

"Nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ń lé mi mọ́," ni Hàjàrá wí. "Sísá ọ̀hún ò dùn mọ́."

Olúrẹ̀mí jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.