Fèrè Ikùn Bàbá Onífèrè

Wọ́n ní Bàbá Onífèrè gbé fèrè iléeṣẹ́ aláṣọ mì, pé ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń dún fìì-fìì. Ẹlẹ́nu ò níṣẹ́!

Fèrè rẹ̀ ló ń pe òṣìṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n yanṣẹ́ lódì, ìjọba ológun ṣòfin: ẹni tí kò bá wọlé lẹ́yìn fèrè, kí wọ́n yìnbọn pa á. Gbogbo wọn jókòó sí àgbàlá, ọmọbìnrin bàbá wà láàrin wọn.

Sójà kan fún bàbá lọ́rùn. "Bàbá, fọn ọ́n!"

"Ọ̀gá sójà, èémí mi náà ti yanṣẹ́ lódì."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Sójà fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀.

"Mo ní kí o fọn ọ́n!"

Bàbá ju fèrè sínú ìkòkò aró tó ń hó. Wọ́n lù ú títí apá rẹ̀ fi kán, ṣùgbọ́n fèrè ò dún, wọn ò sì yìnbọn fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá mi," ni ọmọ rẹ̀ fi ẹkún wí.

"Fìì," ni bàbá dáhùn.

Eyín iwájú méjì ni sójà yọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà.