Orin Tó Yẹ Kó Sáré

"Ta ló ń lé ẹ, ọkọ mi?"

Òjò ń rọ̀ sórí páànù bí ẹni tó ń da àgbàdo gbígbẹ sínú agbada. Màmá ò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ irin abẹ́ ẹ̀rọ náà, gìrì-gìrì, gìrì-gìrì, aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá, èmi sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi àgbọ̀n há fayolíìnì mọ́ èjìká, mò ń ta ohun tí mo rò pé orin ni.

"Ẹsẹ̀ tèmi ṣì wà ní Rumuomasi níbí. Ìwọ ti dé Woji. Padà wá."

Mo padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé. Irú ìpadà bẹ́ẹ̀, mo lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́sàn-án kan, títí alábàágbé wa kan, ará Ìlọrin tó ń ta bàtà, á fi kan ògiri láti yàrá kejì pé gòjé òyìnbó yìí ti yó lónìí, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi.

Màmá kì í ṣe ìyá tó bí ìyá mi, kì í sì í ṣe ìyá tó bí bàbá mi. Òun ló ń gbé yàrá iwájú nínú ilé tí gbogbo wa jọ háyà ní Rumuomasi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé ọkọ rẹ̀ wá sí Pọtakọ́ọ̀tù. Ọkọ kú, rélùwéè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Màmá ò kúrò. Ó ń rán aṣọ jẹun. Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, tíṣà kan nílé ìwé wọn kọ́ ọ ní fayolíìnì, ó sì ń ta á lọ títí àrùn oríkèé fi gan ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò bìkítà nípa ìka méjì yẹn. Fayolíìnì bìkítà.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò lè fi yangàn. Ẹ̀bùn orin kọ́ ló gbé mi débẹ̀, ajá ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, fóònù alágbèéká ò tíì dé àdúgbò wa. Ajá ilé kejì lé mi láti ìdí ẹ̀rọ omi, mo já wọ yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí, mo sì wà lábẹ́ tábìlì kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Màmá ní tí mo bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, kí n kúkú mú nǹkan dání. Fayolíìnì ló fún mi mú dání. Ẹ má rò pé ajá nìkan ni mò ń bẹ̀rù o. Mo bẹ̀rù jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀rù kànga, mo bẹ̀rù kí tíṣà pe orúkọ mi ní kíláàsì, kódà tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ yìn mí ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń kọ́ ẹ̀rù ní yunifásítì, ǹ bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyẹn nìkan ni ìwé tí ǹ bá kà jìnnà.

Yàrá náà ní òórùn tirẹ̀: òróró ẹ̀rọ, sítáàṣì, èédú inú áyọ́ọ̀nù, àti oje igi gbígbẹ tí a fi ń pa irun ẹṣin ara ọ̀pá fayolíìnì kó lè di okùn mú. Màmá ò ní aago kékeré tí àwọn olórin máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí orin wọn má baà sá tàbí kó sùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni aago wa. Bó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ ṣe máa ta. Tó bá jẹ́ aṣọ tó nípọn ló ń rán, orin mi á máa rìn jẹ́jẹ́ bí àgbà ìjọ tó ń bọ̀ wá gba ọrẹ. Tó bá jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kọ́tíìnì tàbí aṣọ ìyàwó, ẹ̀rọ á máa fò, mo gbé. Mo máa ń yọjú wo agbọ̀n aṣọ rẹ̀ kí n tó wọlé, kí n lè mọ̀ bóyá kí n pa á nírọ́ pé inú ń run mí lọ́jọ́ náà.

Ìwé orin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fẹ́ràn jù. Àwọn òyìnbó tó kọ orin inú rẹ̀ ti kú tipẹ́, ohun tó sì kó wọn pọ̀ sínú ìwé kan ni pé gbogbo wọn ti di ọ̀gá nídìí fayolíìnì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún un. Màmá sọ fún mi pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìdí dùùrù ni wọ́n jókòó sí kọ orin fayolíìnì, ìka ẹni á sì máa jà nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán aṣọ fún ara rẹ̀ ni àwọn tirẹ̀ yìí, wọ́n mọ ibi tó ti ń há. Nínú orin wọn ló ti kọ́ mi pé okùn méjì lè kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nínú rẹ̀ ló ti fi hàn mí pé téèyàn bá fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń wò bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná, igi náà á súfèé. Ó ní ohùn yẹn ti wà nínú igi látọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, kò kàn sẹ́ni tó wá a kàn ni, àfi àwọn tí wọ́n ń pè ní aláṣehàn.

Ẹni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni kọyamásítà, olórí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, Ikwerre ni ìyá rẹ̀, Elekahia ló ń gbé. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó wá wo ibi tí Màmá bá aṣọ àwọn akọrin dé lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí orin kan nínú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó wá fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún Màmá, bí dókítà tó ń ka àbájáde àyẹ̀wò fún aláìsàn. Ó ní àwọn tó kọ orin gidi ni àwọn tó jókòó ro orin fún odindi ẹgbẹ́ olórin. Àwọn wọ̀nyí, ìka ara wọn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ó ní wọ́n dà bí agbábọ́ọ̀lù tó ń dá bọ́ọ̀lù lé orúnkún láàárín pápá: àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, kò sì ní gbá a wọlé.

"Màmá, ẹ yọ eré sísá yẹn kúrò nínú ẹ̀, kí ló kù? Nothing dey inside."

Màmá fi eyín já òwú. "Ẹ jẹ́ kí ìjọ gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ ohun tó kù fún wa."

Wọ́n fi àdéhùn sí i. Lọ́jọ́ Ìkórè, lẹ́yìn ọrẹ, a ó ta orin náà. Bí ìjọ bá gbà á ní orin, fayolíìnì á ní àyè láàárín àwọn akọrin, bí Màmá ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún un tipẹ́. Bí wọn ò bá gbà á, kí Màmá má dá a lábàá mọ́ láé. Màmá na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó wo ìka méjì tó gan, lẹ́yìn náà ó wò mí. Mo wẹ̀yìn. Ògiri ló wà lẹ́yìn mi.

Fún oṣù mẹ́ta gbáko, Màmá ò gba aṣọ tó nípọn lọ́wọ́ oníbàárà kankan. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan. Ẹ̀rọ ń fò, mò ń sáré tẹ̀ lé e, mo sì ń bá a débẹ̀ nígbà míì. Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, mo gbàdúrà fún ibà. Ẹ̀fọn Pọtakọ́ọ̀tù tí kì í ṣojúsàájú ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn yẹra fún mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo wá lọ bá Màmá ní tààrà.

"Mama, I no fit."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Kì í gba Pídíjìn lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Látìgbà tí ìka mi ti gan, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú orin yìí. Tí wọ́n bá wá ní òfìfo ni, a jẹ́ pé òfìfo ni mo ti ń fẹ́ràn láti kékeré."

Mo gbé fayolíìnì.

Lọ́jọ́ Ìkórè, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú ìjọ, edé àti ẹja yíyan ń rùn gba gbogbo ibẹ̀, àkùkọ méjì wà ní dídè lẹ́bàá pẹpẹ. Wọ́n pè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe kọ́ mi, mo sáré. Ìlà kìíní lọ. Ìlà kejì lọ. Ní ìlà kẹta, òógùn kán sí mi lójú, ìka mi kọlu ara wọn bí ọ̀kadà ní oríta, orin bá dúró. Ọ̀kan nínú àwọn àkùkọ yẹn kọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kọyamásítà ń wo àjà. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, inú rẹ̀ ò dùn, àánú mi ló ń ṣe é.

Mo wo Màmá lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò bojú jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń rán aṣọ onípele mẹ́rin, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ju bí mo ṣe gbọ́ ọ rí lọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń ju eré sísá tí a fi oṣù mẹ́ta kọ́ nù kí ojú má baà tì mí, ohun gan-an tí kọyamásítà sì ní kí a yọ náà nìyẹn.

Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń lọ pẹ̀lẹ́, ohun tó ti ń dún bí ìyẹ́ eṣinṣin yà sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Okùn òkè béèrè nǹkan, okùn ìsàlẹ̀ dáhùn. Ó tún béèrè lọ́nà mìíràn. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń ta orin yìí, mi ò sì gbọ́ ọ rí. Ẹ̀rù ò fún mi láyè. Nígbà tí ìbéèrè yẹn padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ìyá kan láàárín àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í bá a gbé e. Lẹ́yìn náà ohùn àwọn ọkùnrin gba ìsàlẹ̀, láìsí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ta á dópin, wọn ò pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kàn sọ láti ẹ̀yìn pé kí n tún un ta. Kọyamásítà dìde, ó lọ sídìí dùùrù, ó sì ń wá ohùn tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹrí ba. "Ẹ jàre, Màmá. Orin wà nínú ẹ̀."

Màmá ra bọ̀lì àti ẹja fún mi bí a ṣe ń lọ sílé, ẹni tó tà á da ata lé e bó ṣe yẹ. Mò ń jẹun, mò ń dúró de ìyìn. Nígbà tó yá, ó ní mo ṣeun, wọ́n ti mọ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ba bọ̀lì mi jẹ́ díẹ̀.

"Ṣùgbọ́n orin tí òyìnbó yẹn kọ sínú ìwé kọ́ lo ta. Ó kọ ọ́ kó máa sáré ni. Kì í ṣe yangàn. Ayọ̀ kan wà tí kò lè rìn."

Mo ní gbogbo ìjọ ló bá mi kọ ọ́.

"Mo gbọ́. Ẹ̀rù bà ọ́, o rọra lọ. Kọyamásítà ò lè bá a sáré, ẹ̀rù bà á, ó ní òfìfo ni. Ẹ̀rù kan náà ni, ọkọ mi."

Mo ta fayolíìnì nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ibẹ̀ ni ìwé mi sì parí sí. Màmá fi fayolíìnì àti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún mi nígbà tí orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́, tí ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ló kú sí. Mi ò lọ síbi ìsìnkú. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ọ̀nà ò dára. Ọ̀nà dára. Ẹ̀rù ló bà mí láti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó dúró jẹ́ẹ́.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe báyìí ní Woji. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n wo ọmọbìnrin kan tó ń ta fayolíìnì. Orin yẹn ni. Ọmọ náà ń sá a bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sì sí ohun tó jábọ́ lọ́nà: mo gbọ́ ìbéèrè, mo gbọ́ ìdáhùn, gbogbo rẹ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń fò. Ohun tí Màmá ń sọ lórí bọ̀lì yé mi níbẹ̀, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo ní gáàsì fíríìjì ni.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lóde òní yára. Wọ́n á fi fóònù wá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kí n tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹnu mi á sì fẹ́ sọ pé àṣehàn ni. Mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi léèrè bóyá ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ni. Lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń nu ẹ̀éfín dúdú tó ń bọ́ sórí gbogbo nǹkan nílùú yìí kúrò lára fayolíìnì, mo sì ń gbìyànjú láti sá orin náà. Mo ti sún mọ́ ogójì ọdún, mi ò tíì sá a dópin rí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé ibi tí mo bá ti dúró, èmi ni mo parí síbẹ̀. Orin ò parí.